Ṣé ká gba àwọn onírífíù géèmù gbọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ apá kejì RPG tá a fẹ́ràn?

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe rífíù géèmù lèmi náà fẹ́ ṣe rífíù ẹ̀ lónìí. IGN, GameSpot, PC Gamer, Eurogamer, àtàwọn tó ń dá tiwọn ṣe lórí YouTube, gbogbo wọn pátá. Torí iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún wa, owó wa la sì fi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Géèmù ńlá tuntun ti di 70 dọ́là l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ṣẹ́ ẹ sí náírà kí ẹ̀jẹ̀ yín má baà ru, ká tó wá sọ ti dátà, Baldur's Gate 3 nìkan ń fẹ́ àyè 150GB lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ń ra dátà ní Nàìjíríà mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ẹnì kan bá wá jókòó sí London tàbí San Francisco tó ní géèmù yìí gba 9 nínú 10, èmi gbọ́dọ̀ mọ ohun tó rí kó tó sọ bẹ́ẹ̀ àti ohun tí kò rí.

Kì í ṣe FIFA tàbí Call of Duty ni mò ń sọ o. Ìyẹn, o gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta o ti mọ̀ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. RPG lọ̀rọ̀ mi dá lé, ìyẹn géèmù tí ìwọ fúnra ẹ máa ń di ẹ̀dá inú ìtàn tó o sì ń ṣe ìpinnu fún un, pàápàá èyí tó jẹ́ apá kejì tàbí apá kẹta géèmù táwọn èèyàn ti fẹ́ràn dé egungun. Irú géèmù yẹn lè gba wákàtí 60, òmíì á gba 100 ó tún lé, ẹni tó ń dúró dè é sì ti gbá apá kìíní bóyá lẹ́ẹ̀mẹta, ó mọ orúkọ gbogbo èèyàn tó wà ńbẹ̀, ó mọ ẹni tó kú nítorí ìpinnu tí òun ṣe, ó ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jà lórí ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Onírífíù ńkọ́? Wọ́n fún un ní kóòdù tó máa fi ṣí géèmù lọ́jọ́ Monday, ọ̀gá ẹ̀ fẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní Monday tó ń bọ̀, géèmù mẹ́ta míì sì wà lórí tábìlì tó ń dúró dè é.

Ìdájọ́ tèmi rèé, kí n má fi yín ṣeré: tí wọ́n bá sọ pé ìjà ibẹ̀ dùn, ó dùn. Tí wọ́n bá sọ pé géèmù ń háńgì, ó ń háńgì lóòótọ́. Nǹkan tí èèyàn lè mọ̀ láàárín wákàtí 15 àkọ́kọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ, torí géèmù tí wọ́n ti gbá láyé yìí kò lóǹkà. Àmọ́ tó bá dorí pé ṣé ìtàn yìí bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ṣé àwọn ìpinnu tá a ti ṣe nínú apá kìíní já mọ́ nǹkan kan, ṣé nǹkan kan náà kọ́ la ó máa ṣe títí tó fi máa sú wa, ṣé ìparí ẹ̀ dáa, máàkì wọn ò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Àwọn èèyàn máa ń pariwo pé wọ́n ti gba ẹ̀gúnjẹ ni, ẹgbẹ́ kan ti fún wọn lówó. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Àkókò ni wọn ò ní.

Ẹ jẹ́ ká mú Dragon Age II, torí mi ò rí ẹ̀rí tó tún jùyẹn lọ.

Dragon Age: Origins jáde ní November 2009, BioWare ló ṣe é, EA ló gbé e jáde. O lè jẹ́ èèyàn, o lè jẹ́ elf, o lè jẹ́ dwarf, ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà, èyí tó o bá mú ló máa pinnu bí wọ́n á ṣe máa wò ẹ́ títí dé òpin. Ó gba 91 nínú 100 lápá ti kọ̀ǹpútà lórí Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì àwọn onírífíù àti ti aráàlú jọ. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ débi pé títí dòní wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó yẹ kó jọba. Dragon Age II dé ní March 2011. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, oṣù 16 péré, bẹ́ẹ̀ wọ́n tún gbé Awakening, àfikún Origins, jáde láàárín ẹ̀ ní March 2010. Ta ló ń fi irú ìkánjú yẹn ṣe RPG? Elf ti lọ, dwarf ti lọ, Hawke lo máa jẹ́, o fẹ́ o kọ̀, ìlú kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Kirkwall lo sì máa máa yí ká fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìtàn náà.

Ẹ wò ó, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé láé. Tó o bá wọ inú ihò àpáta nínú géèmù yẹn, mápù kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ á fi gbogbo ihò náà hàn ẹ́, ọ̀nà apá òsì, ọ̀nà apá ọ̀tún, yàrá ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀. Tó o bá wá rìn dé ibi tí mápù ní ọ̀nà wà, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi dí i pa, kò ṣeé ṣí. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, wọ́n á tún rán ẹ lọ sí ihò míì tó ní orúkọ míì ní apá míì ìlú, o wọlé, ihò yẹn náà ni! Wọ́n kàn ṣí òkúta níbí wọ́n lọ fi dí tọ̀hún, ẹnu ọ̀nà tó o gbà jáde lánàá lo máa gbà wọlé lónìí. Sítóò ẹrù tó wà létí òkun, bákan náà. Ilé olówó, bákan náà, àga kan náà, àtẹ̀gùn kan náà. O sì ń jà, o pa wọ́n tán, o mí kanlẹ̀, àwọn míì á tún já bọ́ látorí òrùlé.

Onírífíù tó gbá a fún wákàtí 10 á rí ihò yẹn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á ní ihò rèé, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó lò ó tó wákàtí 50 ló máa rí i lẹ́ẹ̀kẹẹ̀wàá tórí ẹ̀ á gbóná. PC Gamer ti Ìlú Ọba fún un ní 94 nínú 100. Àpapọ̀ ẹ̀ lórí Metacritic lápá ti kọ̀ǹpútà jẹ́ 82. Ẹ wá wo ti àwa aráàlú tó fowó ra á, kò tó 5 nínú 10. Láàárín 82 àti máàkì ìfeèlì yẹn, ta ló ń parọ́?

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó parọ́. Àwọn onírífíù rí nǹkan tí inú ń bí àwọn olólùfẹ́ jù láti rí. Ìtàn Dragon Age II láyà o, Varric, ọ̀rẹ́ Hawke tó ń sọ ìtàn náà, ń jókòó níwájú Cassandra tó ń da ìbéèrè bò ó, ó ń rò ó bó ṣe wù ú, ó ń bù mọ́ ọn, obìnrin yẹn á ní òpùrọ́, sọ òótọ́ fún mi, géèmù á sì tún ibẹ̀ ṣe lójú ẹ báyìí. Aveline, Merrill, Isabela, Fenris, Anders, wọ́n ní ayé tiwọn, wọn ò kàn dúró síbùdó kan kí wọ́n máa retí ẹ. Lónìí, tẹ́ ẹ bá bi àwọn tó mọ Dragon Age dáadáa pé apá wo ni àwọn tó ń báni rìn ti dùn jù, ọ̀pọ̀ ló máa mú apá kejì. Rífíù 94 yẹn rí ìyẹn lọ́dún 2011 nígbà tí kálukú ń bú BioWare. Ṣùgbọ́n ihò àpáta yẹn ńkọ́? Ẹni tó fún un ní 94 tí kò kìlọ̀ fún mi tagbára-tagbára nípa ihò yẹn ti jẹ mí ní gbèsè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ní máàkì aráàlú lẹ ó máa tẹ̀lé, ẹ farabalẹ̀. Dragon Age II yìí kan náà, ọwọ́ tẹ òṣìṣẹ́ BioWare kan tó lọ sí Metacritic bí ẹni tó rà á lọ́jà tó lọ fún iṣẹ́ ara wọn ní 10 nínú 10. Wọ́n bi EA, EA ò tiẹ̀ sẹ́, wọ́n ní kí ló burú ńbẹ̀, pé Obama náà á ti dìbò fún ara ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Ní òdìkejì, ẹgbàágbèje ló lọ fún un ní 0 láìtíì kúrò lábúlé àkọ́kọ́. Géèmù tó ń ṣí, tó ń ṣiṣẹ́, tí èèyàn lè gbá parí, kò sí bó ṣe lè jẹ́ 0, ìbínú ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, lọ́dún 2020, Metacritic fúnra wọn ní kí aráàlú dúró wákàtí 36 lẹ́yìn tí géèmù bá jáde kí wọ́n tó lè fún un ní máàkì, torí wọ́n ti rí i pé àwọn kan ń dájọ́ kí géèmù tó dáńlóòdù tán.

Mass Effect 3 ni màá fi tì í, lọ́dún 2012, BioWare náà ni. Ẹni tí kò bá gbá Mass Effect ò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn wá tó. Apá kìíní jáde ní 2007, apá kejì ní 2010, séèfù ẹ, ìyẹn ibi tó o gbá géèmù dé àti gbogbo ìpinnu ẹ, látinú tàkọ́kọ́ lo máa gbé wọ ìkejì, wàá sì gbé ti ìkejì wọ ìkẹta. Shepard, akọni inú ìtàn náà, tìẹ ni, ìwọ lo ṣe ojú ẹ̀, ìwọ lo pa ẹni tó pa, ẹni tó o fi sílẹ̀ lẹ́yìn nínú 2007 kò ní sí níbẹ̀ ní 2012. Ọdún márùn-ún gbáko! Wọ́n wá gbé e dé ìparí, ó di ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, mú ọ̀kan, fídíò tí wọ́n sì fi hàn ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra ju àwọ̀ lọ. Ariwo ta. Àwọn fáànù da owó jọ, wọ́n kó ohun tó lé ní 80,000 dọ́là fún Child's Play, ẹgbẹ́ tó ń fi géèmù ran àwọn ọmọ tó wà nílé ìwòsàn lọ́wọ́, kí ayé lè gbọ́ pé ìparí yìí ò bá wọn lára mu. Àwọn míì ra kéèkì kéékèèké tó lé ní 400 ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì BioWare, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé lórí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ lẹ́nu jẹ́ fàníílà kan náà. Mi ò rí èébú tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní June 2012 BioWare gbé Extended Cut jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti tún ibẹ̀ ṣàlàyé.

IGN fún Mass Effect 3 ní 9.5. Àpapọ̀ ẹ̀ lórí Xbox 360 jẹ́ 93. Àṣé nínú gbogbo àwọn tó fún un ní máàkì yẹn, ìparí tó gbé ayé dàrú yẹn kò yọ máàkì kankan nínú ẹ̀ tó ṣeé rí. Ìdí ẹ̀ ò le: ẹni tó gbá apá mẹ́ta fún ọdún márùn-ún, ìparí ló ń wò. Ẹni tó gbá apá kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí 30 tó dùn ló rí, ìṣẹ́jú 10 tí kò dùn wá lẹ́yìn ẹ̀, á ní ṣebí ìṣẹ́jú 10 ni, kí ló kàn án. Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná ò lè sọ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ kẹta fún ẹni tó fẹ́ fi jẹun títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ohun tó tún wá ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ ni pé Jessica Chobot, tó jẹ́ atọ́kùn ní IGN nígbà yẹn, wà nínú géèmù náà fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ àti ohùn ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Diana Allers. Òun kọ́ ló kọ rífíù o, ẹ má fi ẹ̀sùn tí kò ní kàn án. Ṣùgbọ́n tí èèyàn yín bá wà nínú ọjà, tẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ọjà náà gba 9.5, ẹ má bínú tí mo bá tún un gbé wò. Ti owó yìí náà, kì í ṣe pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 2007 GameSpot lé Jeff Gerstmann lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó fún Kane & Lynch ní 6, nígbà tí ìpolówó Kane & Lynch náà kún ojú GameSpot pitimu. Ọdún 2012 ló tó lè sọ ọ́ síta fúnra ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń polówó wà nínú ẹ̀. Mo rántí ẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ òun ló jẹ́ kí n gbà pé àwọn onírífíù fúnra wọn ò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ọ̀kan nínú wọn ló pàdánù iṣẹ́ lẹ́yìn máàkì tó fún géèmù.

Máàkì yìí tún ń pa àwọn tó ń ṣe géèmù lára ju àwa lọ. Fallout: New Vegas, October 2010, Obsidian ló ṣe é fún Bethesda. Lọ́jọ́ tó jáde, ó ń ya wèrè. Fídíò kan wà tí gbogbo ayé wò, Doc Mitchell, dókítà tó máa jí ẹ lójú oorun níbẹ̀rẹ̀ ìtàn, jókòó jẹ́jẹ́, ó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orí ẹ̀ wá ń yí bírí lọ́rùn ẹ̀. Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ jíǹde! Onírífíù tó bá rí nǹkan báyìí á yọ máàkì, ó sì yẹ kó yọ ọ́. Àpapọ̀ wá di 84. Chris Avellone tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Obsidian ló sọ ọ́ síta lọ́dún 2012 pé 85 ni àdéhùn tí wọ́n fi máa rí bónọ́ọ̀sì gbà. Máàkì kan ṣoṣo. Wọ́n tún géèmù náà ṣe lẹ́yìn ẹ̀, orí dókítà ò yí mọ́, lónìí àìmọye èèyàn ló máa sọ fún ẹ pé New Vegas dùn ju Fallout 3 lọ fíìfíì, pé kò sí Fallout tuntun kan tó tó o, ṣùgbọ́n 84 ṣì wà lójú ẹ̀ títí ayé. Rífíù dájọ́ ọjọ́ kìíní, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan padà lọ tún un kọ.

Nǹkan míì tún wà tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn: ohun tí wọn ò fún wọn. Dragon's Dogma 2 jáde ní 22 March 2024, tàkọ́kọ́ ti wà láti 2012, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ti ń bẹ Capcom tó ṣe é láti ìgbà yẹn. Rífíù jáde ṣáájú, ó dùn, ó dáa, ẹ lọ rà á. Àárọ̀ ọjọ́ tó jáde gan-an, àwa tá a ṣí ojú ìwé ẹ̀ lórí Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà, bá àtẹ ọjà ńbẹ̀, owó lo fi máa ra Portcrystal kan, òkúta tó ń sàmì sí ibi tó o lè fò padà sí, owó lo fi máa ra ohun tí wọ́n fi ń tún ojú ẹ ṣe, bẹ́ẹ̀ géèmù 70 dọ́là ni. Lóòótọ́, o lè rí àwọn nǹkan yẹn nínú géèmù láìsanwó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa, torí wọn ò tíì kó ọjà síbẹ̀ nígbà táwọn onírífíù ń gbá a. Lórí kọ̀ǹpútà, tó o bá wọ ìlú, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀tìkọ̀. Kò tiẹ̀ sí ibi tó o ti lè pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ tuntun, Capcom ló padà fi síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tọrọ àforíjì. Cyberpunk 2077 kì í ṣe apá kejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni lọ́dún 2020, ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún àwọn onírífíù, wọn ò sì gbà kí wọ́n fi fídíò tí wọ́n fúnra wọn gbà hàn, àwa tá a ní PS4 wá rà á, Sony ní láti yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ PlayStation lọ́jọ́ 18 December, ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn tó jáde.

Famitsu ti Japan náà ńkọ́? Èèyàn mẹ́rin ló máa ń gbá géèmù kan, kálukú á fún un ní máàkì nínú 10, wọ́n á ro ó pọ̀. Final Fantasy XIII-2 gba 40 nínú 40 lọ́wọ́ wọn. XIII-2 o! Géèmù tó gbé mi dé ìparí tó kọ ọ́ sí mi lójú pé ó ṣì ń bọ̀ wá. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù lórí ìyẹn.

Ti Chrono Cross ló tún ń dá mi lójú rú. GameSpot fún un ní 10 nínú 10 lọ́dún 2000, máàkì tí wọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ fún géèmù nígbà yẹn. Àwọn tó fẹ́ràn Chrono Trigger, géèmù tó ṣáájú ẹ̀, gbé e wò, wọ́n ní àwọn èèyàn wa dà, Crono dà, kí ni gbogbo àwọn èèyàn tó ju 40 lọ tí wọ́n kó jọ yìí tí mi ò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Lóòótọ́ Chrono Cross dùn, orin ẹ̀ ò láfiwé, àwọ̀ ẹ̀ ò láfiwé. Onírífíù yẹn wò ó gẹ́gẹ́ bí géèmù tó dá dúró, ó sì tọ̀nà. Fáànù wò ó gẹ́gẹ́ bí ọmọ Chrono Trigger, òun náà tọ̀nà. Ìbéèrè tèmi fún onírífíù ni pé kó sọ fún mi lápá òkè pátápátá èwo nínú méjèèjì lòun fi ń wò ó. Ṣé ó gbá tàkọ́kọ́? Ṣé ó gbá a parí? Ìgbà wo? Ọ̀pọ̀ wọn ò kì í sọ ọ́, ìwọ lo máa fi ọgbọ́n yọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, tó bá kàn ń pe ẹni tó kú nínú apá kìíní ní “ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan,” o ti mọ̀ pé wíwò ló wò ó lórí YouTube.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń bú wọn nìkan, wọ́n ṣe dáadáa lórí Baldur's Gate 3. Apá kejì ti jáde láti ọdún 2000, ẹ wo ọdún 23 tí àwọn èèyàn fi dúró. Ó jáde sórí kọ̀ǹpútà ní 3 August 2023, kóòdù sì dé ọwọ́ àwọn onírífíù nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá kọ ọ́ pé a ò tíì parí ẹ̀, a ò ní fún un ní máàkì, ohun tá a rí dé ibí rèé. Ìyẹn lèmi ń pè ní iṣẹ́! Owó ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn o, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé máa ń wá rífíù lórí Google. Síbẹ̀ nígbà tí máàkì dé, 96. Apá kẹta ìtàn náà, nígbà tó o bá wọ ìlú Baldur's Gate fúnra ẹ̀, géèmù ń fà nígbà yẹn, àwọn iṣẹ́ kan ò ṣeé parí, ìparí ẹ̀ sì kánjú, Larian tó ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àpéjẹ ìdágbére sí i ní ìparí November ọdún yẹn ni, kó tó dà bíi pé ìtàn parí lóòótọ́. Mi ò ní kí wọ́n má fún un ní 96, ó tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó kọ “a ò tíì dé ìlú” wúlò fún mi ju 96 lọ. Warhorse náà gbìyànjú ní 2025 pẹ̀lú Kingdom Come: Deliverance II, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n ti fi kóòdù ránṣẹ́, ó sì hàn nínú ohun táwọn èèyàn kọ, o máa rí i pé wọ́n ti sùn nínú géèmù yẹn, wọ́n ti jí.

Báwo lèmi ṣe wá ń lò wọ́n? Mi ò wo máàkì mọ́, ẹni tó kọ ọ́ ni mo ń wá. Tí ẹnì kan bá fẹ́ràn Dragon Age II tó sì sọ ìdí ẹ̀, mo mọ ohun tí 8 tiẹ̀ túmọ̀ sí, kódà tí àwa méjèèjì ò bá gbà rárá. Mo máa ń wo irú ẹ̀rọ tó lò, torí PS5 Pro tiẹ̀ kì í ṣe PS5 àlòkù tèmi. Lórí Steam, iye wákàtí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti lò wà lókè orí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹni tó lo 90 tó ń bú u, mo máa dúró gbọ́ ọ, ẹni tó lo 0.4 kó máa lọ. Ó yẹ káwọn iléeṣẹ́ ńlá náà máa kọ iye wákàtí síwájú máàkì, mi ò mọ ohun tó ń dá wọn dúró. Àwọn kan á ní ṣebí Steam ń dá owó padà. Ó ń dá a padà tó o bá lò ó dín ní wákàtí méjì, RPG wo? Wákàtí méjì, imú àti irun ẹ lo ṣì ń tò.

Ẹ jẹ́ kí n fi Dragon Age: The Veilguard kádìí ẹ̀, 31 October 2024, ọdún 10 lẹ́yìn Inquisition tó jẹ́ apá kẹta. IGN fún un ní 9. Eurogamer fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Àwọn aráàlú kan ti ń bú u kó tó jáde, ọ̀rọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà ló pọ̀ nínú ẹ̀, mi ò dá sí i. EA wá sọ ọ́ fúnra wọn pé èèyàn mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ló gbá a láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tí àwọn retí. Nínú rífíù tí mo kà, gbólóhùn kan tó ṣe pàtàkì sí mi jù wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, pé nínú gbogbo ohun tá a ti pinnu látọdún 2009, mẹ́ta péré ló tẹ̀ lé wa wá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta látinú Inquisition. Mo kà á, mo ní ó dáa, mo dúró. Ní March 2025 PlayStation Plus, ètò táwa tá a ń sanwó sí fi ń rí géèmù gbà lóṣooṣù, kó o mọ́ géèmù oṣù yẹn, mo gbà á níbẹ̀.

Ìjà ẹ̀ dùn, kí n má parọ́. Jagunjagun ni mo mú, o ju asà báyìí, ó lu ẹni àkọ́kọ́, ó lu ẹnìkejì, ó padà sí ẹ lọ́wọ́, IGN ò purọ́ kankan lórí ìyẹn. Mo wá ń wá ẹni tí mo fi jẹ Divine, olórí ìjọ inú ìtàn náà, nínú Inquisition, torí mo lo wákàtí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mo bá èèyàn jà lórí ẹ̀. Wọ́n ń pe Divine, Divine, Divine. Wọn ò dárúkọ ẹ̀.